Òróró tó sá lọ nínú agbada

Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ Àlàmísì

Ràfíátù ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ. Òjò Libreville ń kọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O ní kí n sọ oògùn tí mo lò tí mo fi jò báyìí. Kò sí oògùn kankan. Tíì kan tilẹ̀ wà tí mo rà nínú mọ́tò Kútọnu, tí ọkùnrin tó ń tà á fi Ọlọ́run búra lé e lórí. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti ṣáláńgá fi ń ṣọ̀rẹ́. Kílò méjì lọ. Mo mu omi, mo jẹun, kílò méjì padà wálé. Omi ara ló ń tú dànù, kò fọwọ́ kan ọ̀rá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Orúnkún ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ ń ru, nọ́ọ̀sì kan tí mo lè bí lọ́mọ sì gbé mi sórí òṣùwọ̀n: kílò 96. Ó ní, “Màmá, kí lẹ máa ń jẹ?” Mo ní ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja, bíi ti gbogbo ayé. N kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ mi, ó rí àpá òróró gbígbóná, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin tí ẹ ń din nǹkan tà, ẹ kì í tọ́ ọ wò?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó din yòvódókò, àkàrà òyìnbó oníyẹ̀fun tí mo ń tà, mo fi ìgò lítà kan wọn òróró sínú agbada: ìgò mẹ́ta gbáko. Mo din ìyẹ̀fun kílò márùn-ún tán, mo jẹ́ kí òróró tutù, mo dà á padà. Ràfíátù, ìgò kejì kò kún! Ó ju lítà kan lọ tó ti sá lọ. Mo mú àkàrà òyìnbó kan nínú abọ́, mo fi bébà nù ún, bébà náà di bíi gíláàsì, mo ń rí ìka mi ní òdìkejì.

Mo sì máa ń jẹ tó mẹ́jọ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọ̀kan kí n lè mọ̀ bóyá ṣúgà rẹ̀ pé, ọ̀kan torí pé ó fọ́, ọ̀kan torí pé oníbàárà ń bá mi ṣàwàdà. N kò ka ìkankan sí oúnjẹ. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti ṣúgà jẹ́ 4. Ni mo bá pa gbogbo dídín tì: àkàrà, dòdò, dùǹdú. Ẹ̀wà ṣì wà, móínmóín ni mo fi ń ṣe. Iṣu ṣì wà, sísè ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń dín níbẹ̀ yẹn, sun ún. (Mo ṣì ń ta yòvódókò, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà nínú agbada yẹn.)

Ẹlẹ́rìndòdò tún ni ọ̀tá kejì. Wo ara agolo, níbi tí wọ́n kọ “sucres” sí: agolo 33 cl sábà máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 35. Bí ṣúgà onígun kan bá jẹ́ gíráàmù 5, méje nìyẹn. Ta ló ń fi méje sínú ife tíì kan? Nígbà ààwẹ̀, agolo méjì ni mo máa ń mu níbi ìṣínu! Mílíìkì aládùn orí ògì náà ti lọ, àti máyọ́néèsì inú búrẹ́dì, torí òróró ló pọ̀ jù nínú òun náà. Ògì fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.

Ìyá ọkọ mi ni wàhálà. Wọ́n rí mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́: “Hẹ̀ẹ̀! Ìyàwó mi rù!” Wọ́n fa ọkọ mi lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ní ṣé kì í fi owó oúnjẹ sílẹ̀ ni. Mo ní n kò rù, mo jò ni. Wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Wọ́n bu ìrẹsì pẹ̀lú ẹran dídín fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Ta ló tó kọ oúnjẹ ìyá ọkọ?

Oṣù márùn-ún rèé, mo ti di kílò 88. Mo ń fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Ouando, orúnkún kò pariwo mọ́. Bùbá tí o rán sí mi nígbà Iléyá, télọ̀ ti gbà á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Má tíì ra òmíràn.

Èmi ni tìrẹ,
Sìkírátù