Mọ́tò àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ kọ

Ẹ̀bá ọ̀nà Ìtòìkín sí Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Òtútù ìlú Òyìnbó ò ní rí yín gbé ṣe o. Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́sí ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí èsì rẹ̀ gùn ju ohun tí dátà mi lè gbé lọ.

O rántí bó o ṣe ń fi àwọn arúgbó abúlé yín ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán yanran, tí wọ́n á dúró sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n á na ẹ̀rọ kan tó ń ka eré sí mọ́tò bí ẹni fẹ́ yìnbọn. Community Speedwatch lo pè é. O ní bí awakọ̀ bá sá ju máìlì 30 ní wákàtí lọ, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀, ọlọ́pàá á sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i nílé. Mo ní eélòó ni wọ́n á gbà lọ́wọ́ rẹ̀? O ní wọn kì í gba kọ́bọ̀, lẹ́tà lásán ni. A jọ rẹ́rìn-ín ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

O mọ ibi tí mo ń pàtẹ sí, abẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí iléèwé. Ọjọ́ Ẹtì kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Olúwo dé, ọ̀bọ̀kún àti ẹja àrọ̀ kún ọpọ́n mi. Dáńfó kan ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ọ̀kadà já lù ú lójijì, ó sì wa mọ́tò sápá ọ̀dọ̀ mi. Mi ò mọ ẹni tó tì mí sínú gọ́tà. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, agboòrùn mi ti wà lábẹ́ mọ́tò, ọpọ́n ti di pẹlẹbẹ. Ẹja àrọ̀ kan ṣì ń la ẹnu, ó ń pa á dé, táyà ti lẹ ìrù rẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Òun ni mo ń wò ṣáá, mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Awakọ̀ yọrí, ó ní "Ìyá, ẹ má bínú," ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Gbogbo ayé ló ń sọ pé kòtò ló ń fa jàǹbá lọ́nà wa. Irọ́ ni. Níbi tí kòtò bá wà, gbogbo wọn á máa rọra bí aboyún. Ibi tí ọ̀dà bá ti dán, tó gún régé la àárín abúlé kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá eré àsápajúdé.

Àwọn ọ̀dọ́ ò dúró gbàṣẹ. Lóru ọjọ́ kejì wọ́n po sìmẹ́ńtì, wọ́n mọ bọ́ńpù kan tó ga bí ebè iṣu. Wọn ò kùn ún lọ́dà, wọn ò fi àmì kankan síwájú rẹ̀. Ọ̀kadà tó gbé obìnrin kan bọ̀ láti ìṣọ́ òru ló kọ́kọ́ bá a pàdé. Eyín méjì lọ, ọwọ́ òsì kán. Àṣíborí wà lára ọ̀kadà náà o, ọlọ́kadà ló gbé e kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà bí agbọ̀n ọjà. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ kan tó mọ 122, nọ́ńbà àwọn Róòdù Séfítì. Èmi tí mo ti mọ̀ wọ́n láti 1988 tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, tí tíṣà wa ń kọ́ wa pé Wọlé Ṣóyínká ni alága wọn, mi ò mọ nọ́ńbà náà.

Láàárọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí wọ́n wó bọ́ńpù. Àwọn ọ̀dọ́ fàríga. Ni Báálẹ̀ bá pe gbogbo wa jọ. Mi ò ní tàn ọ́, ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ rí ọlọ́pàá ní ìpàdé náà, torí "pátíkúlà dà?" la mọ̀ mọ́ wọn lójú ọ̀nà, kì í ṣe "eré rẹ pọ̀ jù." Mo sọ ọ́ lójú ọ̀gá náà. Kò bínú. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ wá kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é." Ni mo bá sọ̀rọ̀ àwọn arúgbó yín.

Ẹ̀rín pa wọ́n! Alága páàkì ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní bí a bá mú nọ́ńbà mọ́tò tó ń ná Ìtòìkín sí Ẹ̀pẹ́ wá, òun mọ awakọ̀ rẹ̀, òun mọ ilé ìyá ẹ̀, òun á ní kó lọ jókòó sílé fún ọjọ́ méjì. Típà oníyanrìn àti àlejò tí òun ò mọ̀, kí ọlọ́pàá dá wọn dúró.

Hẹ́dìmásítà ló yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí a ò ní. Ó fi tépù wọn 100 mítà láti òpó iná dé igi àgbọn kan, ó kun méjèèjì lọ́dà funfun. Ó ní 50 kìlómítà ní wákàtí ni òfin gbà láàárín ìlú (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá máìlì 30 tiyín dọ́gba). Mọ́tò tó ń sá 50 á lo ìṣẹ́jú-àáyá 7 àti díẹ̀ láti òpó dé àgbọn. Bó bá lo 4 péré, 90 ló ń sá nìyẹn. Fóònù la fi ń kà á. Èmi tí mo máa ń jí iṣẹ́ ìṣirò rẹ wò ni mo wá di oníṣirò o!

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kàn mí, mo dúró ti ọlọ́pàá kékeré kan, bírò wà lọ́wọ́ mi. Dáńfó kan fò kọjá, 4 géérégé, awakọ̀ tún juwọ́ sí mi. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Ọwọ́ mi wúwo. Ọlọ́pàá ní, "Màámí, ẹ ò kọ ọ́ ni?" Mo kọ ọ́.

Màmá wa yan mí lódì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kẹta. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé 4 náà ni lóòótọ́?" Mo ní 4 ni. Ó wolẹ̀ títí, ó wá ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù, tí wọ́n fi dandan mú ọlọ́kọ̀ èrò láti 2016, wà nínú mọ́tò òun, òun ló yọ wáyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá ò bá wá, àwọn onítípà ò kà wá sí. Bọ́ńpù ti wó, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń bínú, wọ́n sì ní ẹjọ́ láti rò. Jọ̀ọ́, bí ẹ̀wù ìyeyè àwọn arúgbó yín bá ti gbó, bá mi tọrọ mẹ́ta sínú ẹrù ọdún. Má ra tuntun.

Àbúrò mi ńkọ́? Bó bá ti rí òpó funfun yẹn, á máa wọ́ bí ọkọ̀ ìsìnkú, àwọn èrò á máa bú u, á wá fun fèrè sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Lánàá mo kà á: 13.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Ẹlẹ́ja