Sí ẹ̀yin oníbàárà wa tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ wáyà àti bọ́ílà nílé àtijọ́

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní London níbí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé tí wọ́n ti kọ́ látayé Queen Victoria, ẹ dẹ̀ ń pè wá pé èló ni wáyà, èló ni bọ́ílà. Mi ò kí ń pe iye lórí fóònù, torí ilé tá ò tíì ṣí fíúsì bọ́ọ̀dù ẹ̀ wò, a kàn máa méfò ni.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín jù ni pé kẹ́ ẹ jókòó ṣírò owó méjèèjì pọ̀. Abẹ́ pákó ilẹ̀ kan náà ni wáyà àti páìpù ń gbà, àmọ́ èèyàn á ṣe wáyà lọ́dún yìí, á rẹ́ ògiri, á kun ilé, á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun, tí bọ́ílà bá wá kú lọ́dún tó ń bọ̀ a tún máa ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn ni, a tún máa tú pákó yẹn, ẹ tún máa sanwó fún nǹkan tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an. Kódà tówó bọ́ílà ò bá tíì pé, ẹ jẹ́ ká ti tẹ́ páìpù ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tílẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

Kẹ́ ẹ tó lọ yá owó ní báńkì, ẹ jẹ́ ká ṣe EICR, ìyẹn àyẹ̀wò gbogbo iná ilé. Tó bá jẹ́ wáyà onírọ́bà tí wọ́n ń lò títí di nǹkan bí ọdún 1960 la bá níbẹ̀, kò sí àtúnṣe kankan, gbogbo ẹ̀ ló máa jáde, torí rọ́bà yẹn ti gbẹ, ó ń rún dànù. Àmọ́ tẹ́nì kan bá sọ pé wáyà pupa àti dúdú gbọ́dọ̀ jáde torí àwọ̀ ẹ̀ lásán, ẹ má gbà. Ọdún 2004 ni wọ́n yí àwọ̀ padà sí búráùn àti búlúù, ti àtijọ́ tó bá yege nínú àyẹ̀wò lè wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀dù nìkan lẹ máa pààrọ̀, ìyẹn dẹ̀ máa dín owó kù gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ heat pump, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru láti ìta wọlé, dípò bọ́ílà oní-gáàsì, ìjọba ń fún èèyàn ní £7,500 ní England àti Wales, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ló máa bá yín gba owó yẹn, á wá yọ ọ́ nínú bíìlì yín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló jẹ́ pé fíúsì 60 amp ló ń gbé iná wọlé, tẹ́ ẹ bá wá so heat pump pọ̀ mọ́ shower oníná àti ṣájà mọ́tò, ó lè má gbé e. Ẹ jẹ́ ká mọ̀yẹn nígbà tá a bá ń ṣe wáyà o, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Owó tá a bá pè fún yín, rírẹ́ ògiri àti kíkùn ò sí nínú ẹ̀. Nínú gbogbo £100, ẹ fi £20 pamọ́ fún ohun tá a máa bá lábẹ́ ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan gáàsì, bó bá tiẹ̀ jẹ́ èèyàn wa ni, ẹ ní kó mú káàdì Gas Safe ẹ̀ wá, ìyẹn káàdì àwọn tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì, kẹ́ ẹ sì yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n kọ iṣẹ́ tó láṣẹ láti ṣe sí.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ ya fọ́tò fíúsì bọ́ọ̀dù àti bọ́ílà yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a máa sọ ọjọ́ tá a lè wá wò ó.