Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tó Ń Gbé Kẹ̀kẹ́ Cyclocross Lọ Sí Ghent

Ọ̀mù-Àrán

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kú iṣẹ́ o, kú ìmúra ìrìn-àjò. Ará ilé ń kí ẹ. Ìyá ní kí n rán ẹ létí pé o kò gbọdọ̀ fi ìwé ìrìnnà rẹ sínú àpótí kẹ̀kẹ́.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: ṣé èèyàn lè máa ṣe másítà ní Ghent ní Bẹ́ljíọ̀m, kó tún máa díje nínú cyclocross, eré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, nígbà òtútù kan náà, kí ọ̀kan má ba èkejì jẹ́? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ ni àkókò ti ń ṣòfò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìrò.

Nínú gbogbo eré kẹ̀kẹ́, èyí ló rọrùn jù láti fi kún ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń díje lójú títì kò lè ṣe kó má gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Cyclocross kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀: bíi wákàtí kan fún àwọn ọkùnrin àgbà, bíi ìṣẹ́jú 50 fún àwọn obìnrin. Yíyípo kan máa ń wà láàárín kìlómítà 2.5 sí 3.5, nínú koríko, ẹrẹ̀ àti iyanrìn, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tí ẹ ó gbé kẹ̀kẹ́ léjìká gùn, àti pákó ìdènà tí gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Nítorí pé eré náà kúrú tó sì le, ìdánrawò wákàtí mẹ́fà sí méje lọ́sẹ̀ tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ìdíje gan-an ni kí o ṣírò dáadáa. Dídi ẹrù lálẹ́ Sátidé, wákàtí kan. Ọkọ̀ ojú irin ní àlọ àti àbọ̀, wákàtí mẹ́ta (tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí tìrẹ, má gbàgbé). Gbígba nọ́ńbà àti yíyẹ ojú ọ̀nà wò, wákàtí kan. Mímú ara gbóná, ìṣẹ́jú 25. Ìdíje fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú 50. Fífọ kẹ̀kẹ́, fífọ bàtà, fífọ aṣọ, wákàtí kan ààbọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di wákàtí mẹ́jọ, nítorí ìṣẹ́jú 50.

Wá gbé ẹ̀kọ́ lé e. Ohun tí ẹ ń pè ní yúnìtì ní Unilorin, kírẹ́dítì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Kírẹ́dítì kan jẹ́ wákàtí 25 sí 30 iṣẹ́, kíláàsì, ìwé kíkà àti ìdánwò lápapọ̀. Kírẹ́dítì 60 ni ọdún kan, 30 ni sẹ̀mẹ́sítà kan, ìyẹn wákàtí 750 sí 900. Pín in sí ọ̀sẹ̀ 18, ó di wákàtí 42 sí 50 lọ́sẹ̀. Fi ìdánrawò àti ọjọ́ ìdíje kún un, ó ti tó 60. Òfin wọn gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Bí o bá gba gbogbo rẹ̀ láti Oṣù Kẹwàá dé Oṣù Kìíní, wákàtí 80 ni, oorun ni yóò sì san gbèsè náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o ṣiṣẹ́ owó rẹ lẹ́yìn Oṣù Kejì àti nígbà ìsinmi gígùn. Ìwé ìgbé rẹ rọ̀ mọ́ ìtẹ̀síwájú ẹ̀kọ́ rẹ. Ẹni tó ń fìdí rẹmi lemọ́lemọ́ lè pàdánù rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ló gbé ẹ débẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ọjọ́ tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà.

Ibi tí méjèèjì ti máa ń kọlu ara wọn nìyí. Ìgbà cyclocross ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án, ó ń parí ní Oṣù Kejì. Àárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun ni ìdíje pọ̀ jù ní Bẹ́ljíọ̀m, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, àsìkò yẹn náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ilẹ̀kùn kàwé fún ìdánwò Oṣù Kìíní. Má dúró dìgbà yẹn kí o tó yàn. Yàn án nísinsìnyí: Oṣù Kẹwàá àti Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ Àìkú mẹ́ta nínú mẹ́rin; ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, ìdíje méjì; láti Kérésìmesì títí wọn yóò fi gba bébà tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ, kò sí ìdíje kankan. Lásìkò yẹn, ìdánrawò wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Dín wákàtí kù, má dín agbára kù: bí èyí tó le bá ṣì le, ara kì í tètè gbàgbé. Yunifásítì Ghent ní ètò fún akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ eléré ìdárayá gíga, tó ń jẹ́ kí wọ́n lè sún ọjọ́ ìdánwò. Ẹni tó ti ń díje ní ipele òkè ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà má gbé ọdún àkọ́kọ́ rẹ lé e.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o gbà gbọ́ kí o tó to àwọn ọjọ́ rẹ. Ní 2009, Samuele Marcora, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 16. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ìṣẹ́jú 90 ṣe iṣẹ́ àròjinlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá gun kẹ̀kẹ́ títí agara fi dá wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, fíìmù tí kò da ọpọlọ láàmú ni wọ́n wò ṣáájú. Lẹ́yìn fíìmù, wọ́n gùn ún fún ìṣẹ́jú-àáyá 754. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọpọlọ, 640. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn kọ́ ló fà á. Bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo lára wọn ló yí padà. Nítorí náà, ìdánrawò tó le kò gbọdọ̀ tẹ̀lé wákàtí mẹ́rin ìṣirò. Àárọ̀ ni kí o ti ṣe é, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe lè lọ: Mọ́ńdè, má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ọjọ́ láíbírì ni. Túsìdè láàárọ̀, wákàtí kan: fi ìṣẹ́jú 15 gbóná, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú-àáyá 30 pẹ̀lú gbogbo agbára, 30 wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tún un ṣe. Wẹ́sìdè, sáré ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí o sì fi ìṣẹ́jú 40 kọ́ bíbọ́ sílẹ̀ àti fífò padà. Tọ́sìdè, ìṣẹ́jú 90 jẹ́jẹ́. Fúráìdè, kò sí nǹkan kan. Sátidé, ìṣẹ́jú 40 pẹ̀lú eré ìṣẹ́jú kan mẹ́ta nínú rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí o fo ọ̀kan nítorí asáínmẹ́ǹtì, Tọ́sìdè ni kí o fò, má fo Túsìdè.

Kí o tó kúrò ní Tanke, jàǹfààní òjò tó ń rọ̀ yìí. Amọ̀ pupa Ìlọrin máa ń lẹ̀ mọ́ táyà bí ìyán mọ́ odó, òun gan-an ló sì yẹ kí o fi kọ́ ẹrẹ̀. Wá pápá tí kò sí èèyàn ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí àwọn Márúwá tó gba títì. Ri pákó méjì mọ́lẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 40 ní gíga, kí mítà mẹ́rin wà láàárín wọn. Bí o bá ń bọ̀, ju ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ẹ̀yìn ìjókòó nígbà tí ẹsẹ̀ òsì ṣì wà lórí pẹ́dà, ọwọ́ òsì lórí bíréèkì, ọwọ́ ọ̀tún lórí irin òkè kẹ̀kẹ́. Tú ẹsẹ̀ òsì, kí o sì máa sáré lọ láìdúró. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn tẹ bíréèkì pa kó tó bọ́; ìwọ máa bọ́ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń lọ. Nígbà tí o bá ń gùn padà, inú itan ọ̀tún ni kí o fi kan ìjókòó kí o sì yọ́ sórí rẹ̀, má fò kí o fi ìdí balẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń ta nílẹ̀ kí wọ́n tó fò, ìbẹ̀rù ló ń fà á. Ṣe é lẹ́ẹ̀ogún lójúmọ́ lórí koríko jẹ́jẹ́ títí yóò fi lọ.

Fún iyanrìn, lo etí odò tó ti gbẹ. Wọ̀ ọ́ pẹ̀lú eré, gíà tó wúwo díẹ̀, ìdí sẹ́yìn, ọwọ́ fúyẹ́ lórí hándù. Tẹ̀lé ipa táyà tó ti wà nílẹ̀, má sì dá ẹsẹ̀ dúró. Bí táyà iwájú bá yà, jẹ́ kó yà. Ẹni tó bá fipá fa hándù padà ni iyanrìn ń gbé ṣubú. Ní Koksijde àti Zonhoven ní Bẹ́ljíọ̀m, iyanrìn báyìí ló ń pinnu ẹni tó máa borí, wàá sì lè lọ wò ó fúnra rẹ.

Táyà ńkọ́? Òfin UCI, àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé, kò gba èyí tó fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ. Pẹ̀lú kílò 58 tí o wọ̀n, bẹ̀rẹ̀ láti 26 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) lórí ilẹ̀ líle, 22 nínú ẹrẹ̀. Má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn fọkanáísà ṣe ń ṣe, ra gééjì, torí ìyàtọ̀ psi méjì máa ń hàn ní gbogbo kọ́nà. Bí rímù bá ń kan gbòǹgbò igi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní yíyípo kan, fi psi kan kún un. Omi sealant inú táyà rẹ, èyí tó ń dí ihò, mílílítà 40 tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ooru Ìlọrin máa ń tètè gbẹ ẹ́, nítorí náà má gbà pé èyí tí o dà ní Oṣù Kẹrin ṣì wà níbẹ̀.

Ìwé àṣẹ ìdíje: orílẹ̀-èdè tí èèyàn ń gbé ló ń fún un, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí. Tètè béèrè rẹ̀ kété tí o bá ní àdírẹ́sì.

Ní ìdíje àkọ́kọ́ rẹ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa tò ẹ́ sí. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ ló le jù nínú gbogbo eré náà, torí pé gbogbo èèyàn ń du kọ́nà kan ṣoṣo. Fi ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 15 láti ìdúró, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kún Wẹ́sìdè rẹ. Nínú ìdíje ńlá, òfin ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wà: bí ẹni tó wà níwájú bá fi ìṣẹ́jú 7 ṣe yíyípo àkọ́kọ́, tí o sì ti fi ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36 wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní kí o dúró. Kì í ṣe ìtìjú, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n á ṣì kọ ipò rẹ sílẹ̀. Lọ fọ kẹ̀kẹ́ rẹ kí ẹrẹ̀ tó gbẹ.

Mo tún padà sórí fífọ̀, torí ibẹ̀ ni owó àti àkókò ti ń jò. Ẹrẹ̀ tútù ń lọ ní ìṣẹ́jú 20; èyí tó sùn mọ́jú ń gba wákàtí kan. Má fi omi alágbára kọjú sí àárín ìdí pẹ́dà tàbí àárín àgbá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, yóò wọ inú bọ́ọ̀lù irin, gíríìsì á sì jáde. Nu ṣéènì gbẹ kí o tó ta òróró sí i. Yẹ páàdì bíréèkì wò lẹ́yìn gbogbo ìdíje: iyanrìn tútù lè jẹ páàdì tuntun tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ra èyí tí wọ́n fi irin lílọ̀ ṣe, ó máa ń pariwo ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí o tó ṣí ìwé.

Oúnjẹ kò le. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ìrẹsì funfun pẹ̀lú ẹyin àti ata díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Kò sí wàrà Ìlọrin lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ̀wà wà, fi jẹun lálẹ́ ìdíje. Wọ ìbọ̀wọ́ méjì, kí èkejì wà nínú àpò ní gbígbẹ: ọwọ́ tó ti kú kò lè tẹ bíréèkì.

Bí ìrìn-àjò bá ku ọjọ́ kan ni kí o tú kẹ̀kẹ́ náà sínú àpótí. Kí o tó fa ìjókòó jáde, wọn ọ̀nà láti àárín ìdí pẹ́dà dé òkè ìjókòó ní mílímítà, fi bébà lẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀ kí o kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Jo afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀. Tú pẹ́dà: ti ọ̀tún bí a ṣe ń tú gbogbo nǹkan, ti òsì ní òdìkejì. Fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ gbá amọ̀ Tanke kúrò nínú ìdí táyà, kí àwọn aṣọ́bodè má baà dá ẹ dúró.

Ẹ̀gbọ́n rẹ