Olóòtú, ẹ bá wa sọ fáwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà pé "Core i5" nìkan ò tó

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá ò lè gbé géèmù ìsìnyí mọ́, pé ká gbé e fáwọn tó ń ra irin. Mi ò gbà, àmọ́ mi ò lè pè é nírọ́ gbáà náà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú tèmi rí.

Tòkúnbọ̀ kan ni mo rà fọ́mọ mi ní Kútọ̀ níbí, ẹni tó tà á ní "Core i5 ni bàbá, kò sí géèmù tí ò ní gbé." Orúkọ ìdílé prósẹ́sọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ Intel ń ṣe ni Core i5, prósẹ́sọ̀ sì ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọmọ gbé géèmù GTA V lé e, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, mọ́tò á ti sáré kọjá kí títì tó yọ. Mo gbé e tọ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò tiẹ̀ tú u wò, ó ní prósẹ́sọ̀ ti gbó, kí n lọ mówó wá ra òmíì.

Inú bí mi, mo délé mo tú u fúnra mi. Ẹ̀yin èèyàn, eruku tó wà lára fáànù yẹn tó gbin ẹ̀fọ́! Páàsìtì funfun tó yẹ kó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣí bí ọ̀dà ara ògiri ilé àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ prósẹ́sọ̀ tó bá ti gbóná jù, fúnra ẹ̀ ló máa dín eré kù kó má baà jóná, ìyẹn lẹni yẹn ń pè ní ogbó. RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ńkọ́? 4GB, ẹyọ kan ṣoṣo. Mo gbọn eruku dànù, mo fi páàsìtì tuntun, mo sọ RAM di 8GB ẹlẹ́yọ méjì, mo wá GTX 750 Ti kan, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán géèmù, tí ò nílò wáyà iná tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí 60 wáàtì péré ló ń jẹ, pówà kékeré inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì á gbé e. GTA V wá ń lọ geere. Ọdún 2015 ni wọ́n kúkú gbé e jáde fún kọ̀ǹpútà, i5-3470 ti 2012 sì làwọn tó ṣe é ní ká fi gbá a.

Ṣé ó wá parí síbẹ̀? Rárá o. Ọmọ tún ní FC 24, géèmù bọ́ọ̀lù, lòun fẹ́. Mo wo ohun tí wọ́n kọ sí i, ó kéré tán i5-6600K, tèmi sì jẹ́ i5-2400 ti 2011, géèmù yẹn tún fẹ́ààyè 100GB, mo ní kó jẹ́ kí n fowó dátà ra gàrí. Àwọn tuntun míì tiẹ̀ wà tí ò ní ṣí rárá bí prósẹ́sọ̀ ò bá ní AVX2, ìyẹn irú àṣẹ ìṣirò kan tí wọ́n kọ́ mọ́ inú ẹ̀, láti ìran kẹrin Intel lọ́dún 2013 nìyẹn ti wọlé, kò sí iye RAM téèyàn lè kì bọ̀ ọ́ tó máa di AVX2.

Bí géèmù bá ń wọ́, tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú káàdì àti prósẹ́sọ̀, ẹ dín resolution géèmù, ìyẹn iye àmì tí wọ́n fi ń ya àwòrán ẹ̀, kù dáadáa. Bó bá yá sí i, káàdì ni, bó bá ṣì ń wọ́ bákan náà, prósẹ́sọ̀ ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀, ẹ bá wa sọ fáwọn tó ń tà á kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ tán. i5-2400, ìran kejì nìyẹn, kọ́ọ̀ (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀) mẹ́rin. i5-10400, ìran kẹwàá, kọ́ọ̀ mẹ́fà. "Core i5" làwọn méjèèjì ń jẹ́, ẹni tí ò mọ̀ á sanwó ọmọ fún bàbá àgbà.

Ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Lọ́jọ́ kan a jọ kọjá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ń ka nọ́ńbà ara àwọn tí wọ́n kó síta sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, "ìran kejì, ìran kẹta, ìran kejì," ni wọ́n bá ní ṣé a fẹ́ rajà ni àbí ká máa lọ.

Èmi ni Bàbá Ìbejì,
Asẹ̀rò, Abẹ́òkúta.