Ẹ jẹ́ kí òfin Kòrónà le nílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má lé ọmọ kúrò lẹ́nu géètì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú àfaradà àsìkò yìí. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde pé àwọn ọmọ JSS 3 àti SS 2 yóò padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020 yìí, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwa òbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ìsọ̀, nídìí omi, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun náà là ń sọ. Àwọn kan ní òfin tí wọ́n fẹ́ fi ṣí ilé ìwé, ìyẹn ìbomú, ọwọ́ fífọ̀ àti jíjìnnà síra, ti le jù, owó ló fẹ́ ná wa. Àwọn mìíràn ní ọmọ àwọn ò ní jáde nílé títí Kòrónà yóò fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọjọ́ 23, oṣù Kẹta ni wọ́n ti ti ilé ìwé l'Ékòó. Ẹ bá mi ka oṣù tó ti lọ. Ìjọba ṣètò ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn, mo sì kí wọn fún un, ṣùgbọ́n níbi tí iná ò sí, tí owó bátìrì ò sí, kí ni ọmọ yóò fi gbọ́ ọ? Mo ń rí àwọn ọmọ tó ń gbé àpò ìwé kọjá níwájú ìsọ̀ mi lọ́dún tó kọjá. Omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń kiri láàárín ọkọ̀ n'Ídùmọ̀tà báyìí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ aládùúgbò wa, JSS 2 ló wà kí wọ́n tó ti ilé ìwé. Owó tó ń mú wálé lálẹ́ ti wọ ìyá rẹ̀ lára. Bí a bá tún fi oṣù díẹ̀ kún un, ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ yẹn ò ní padà mọ́. Torí náà, kí wọ́n ṣí ilé ìwé.

Kí òfin sì le. Inú ilé tí yàrá kojú sí yàrá ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, ìdílé bí i mélòó kan á máa lo ilé ìwẹ̀ kan. Ọmọ lè kó àrùn náà kí nǹkan kan má ṣe é, kó wá gbé e bá ìyá àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà nínú yàrá kan náà.

Àwa ará Èkó kọ́ ló yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé fún nípa òfin tó le. Ní 2014, Ọ̀bàlẹ́ńdé níbí ni ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Patrick Sawyer, ọkùnrin tó kó àrùn Ebola wọ Nàìjíríà láti Liberia, lọ wà. Wọ́n ní kí Dókítà Ameyo Adadevoh tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Èèyàn 20 ló kó Ebola ní gbogbo Nàìjíríà, 8 ló kú, dókítà náà sì wà lára àwọn tó kú. Ká ní ó dẹwọ́ lọ́jọ́ yẹn, ta ló mọ iye òkú tí à bá sin?

Ẹ tún rántí Ìta Fájì. Ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, 2019, ilé alájà kan wó lulẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwé àwọn ọmọdé tó wà nínú rẹ̀. Ìjọba fúnra wọn sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọn ti fàmì sí ilé yẹn tipẹ́ pé wíwó ni. Òfin wà nígbà náà o. Àmì wà lára ògiri. Àwọn ọmọ ṣì ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ẹkún àwọn ìyá lọ́jọ́ náà, bí ó bá tún wá ń sọ fún mi pé kí a dẹwọ́ lórí òfin ilé ìwé nítorí owó, mi ò ní lè dá a lóhùn.

Ohun tó ń dùn mí ni ẹni tí wọ́n ń le òfin náà mọ́. Nígbà tí àwọn SS 3 wọlé ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, láti múra WAEC, mo kọjá níwájú ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí ìsọ̀ mi. Olùkọ́ kan dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná. Ẹni tí kò bá ti lo ìbomú, ó yá, padà sílé. Ọmọkùnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri, kò mọ ibi tí yóò gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti wọlé bá yọ ìbomú imú tirẹ̀, ó ká a, ó sì nà án sí i láàárín irin géètì. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó fi aṣọ náà bomú, ó tò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó wọlé. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. Ìbomú kan náà, èémí èèyàn méjì, olùkọ́ sì gbà pé a ti tẹ̀ lé òfin.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Kì í ṣe ọmọ ló ń fún ara rẹ̀ lówó ìbomú. Bí kò bá ní, kí ilé ìwé fún un ní ọ̀kan lẹ́nu géètì kí ó wọlé. Àwọn aránṣọ tó wà ní àdúgbò yìí nìkan tó rán an fún gbogbo ilé ìwé tó wà ní Erékùṣù Èkó, iṣẹ́ kò sì sí lọ́wọ́ wọn láti ìgbà kónílé-ó-gbélé. Bí ẹ bá lé ọmọ tí kò ní padà sílé, kì í ṣe ilé ló ń lọ. Ìdùmọ̀tà ló ń lọ.

Ẹ̀rọ ẹnu géètì yẹn náà, kí a má gbára lé e jù. Àwọn oníṣègùn ti sọ ọ́ títí pé àrùn yìí lè wà lára èèyàn fún ọjọ́ 2 sí 14 kí ó tó fara hàn, àti pé ara ẹlòmíràn ò tilẹ̀ ní gbóná rárá tí yóò fi kó o ran ẹnìkejì. Omi ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun gan-an ni n kò sì gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ ilé ìwé tó bí ó ti yẹ. Wọ́n ní kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ó dáa. Ilé ìwé tó ní ọmọ 300, tó wá gbé dúrọ́ọ̀mù kan kalẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ẹ̀rọ kan, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni wọn yóò fi fọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló fẹ́ dúró de ìyẹn? Ọmọ yóò fi omi tó ìka, yóò sáré wọlé. Níbi tí a sì ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà fún oúnjẹ sísè, ta ló ń ra ti ilé ìwé? Mi ò fẹ́ gbọ́ pé dúrọ́ọ̀mù ti gbẹ kí aago ìsinmi tó lù.

Ní ti pé kí ọmọ jìnnà síra ní mítà 2, gbogbo ẹni tó bá ti wọ kíláàsì ìjọba rí mọ̀ pé kò ṣeé ṣe bí gbogbo wọn bá wọlé pọ̀. Kí wọ́n pín wọn, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ kàwé bẹ́ẹ̀ l'Ékòó kí Bàbá Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, tó fòpin sí i. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rere ni Bàbá ṣe nígbà náà, kò sì wu ẹnikẹ́ni láti padà síbẹ̀. Fún sáà kan tàbí méjì, ó sàn ju kí ọmọ mẹ́rin máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

Ẹ̀yin onílé ìwé aládàáni, mo mọ̀ pé ojú yín ti rí nǹkan, ọ̀pọ̀ olùkọ́ yín ni kò rówó oṣù gbà. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá owó Kòrónà lé owó ilé ìwé. Kí ìjọba yá yín lówó omi àti ọṣẹ, kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀. Òbí tí kò tíì tajà láti oṣù Kẹrin kò ní san owó yẹn. Yóò kàn mú ọmọ rẹ̀ dání lọ sọ́jà ni.

Olóòtú, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé bá wọlé, ẹ má jẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn yín lọ ya fọ́tò ẹnu géètì láàárọ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan bá ṣì ń dán. Ẹ ní kí wọ́n lọ ní aago méjìlá ọ̀sán, kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá rí síwájú ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Ìsàlẹ̀ Èkó.