Àkànní, ṣé kí n bọ́ sínú iṣẹ́ kíkọ́ ilé tà?

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ, àmọ́ mo ní kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé èmi fúnra mi ná. Kò tíì yé mi tán, mo kàn rí i pé n kò lè dá a rò mọ́ ni.

Mo ń rò ó pé kí n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, kí n máa ra ilẹ̀, kí n kọ́lé sí i, kí n tà á. O mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá àwọn ẹlòmíì ṣírò iye tí ilé wọn máa ná wọn. Mo ti rí ilé tí wọ́n dín irin rẹ̀ kù, mo ti rí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó wù mí kí n kọ́ èyí tí ọkàn mi máa balẹ̀ sí. Mo sì rò pé ẹni tó bá mọ iye tí ilé ń ná ti mọ iṣẹ́ náà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan fi ilẹ̀ lọ̀ mí. Ó tẹ́jú, kò jìnnà sí ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n bá mi gbẹ́ kòtò síbẹ̀, mítà kan ààbọ̀. Ilẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ jáde, ó le, inú mi dùn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ni amọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì. Mo bu díẹ̀, mo yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń gùn bí okùn, kò já. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti kún kòtò náà dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ lóru. Irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wú tó bá mu omi, kó sún kì tó bá gbẹ, ògiri á sì máa là. Ìpìlẹ̀ lásán ò lè gbé ilé níbẹ̀.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣírò bọ̀. Iye tí ilé máa tà tó bá parí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, wọ́n á wá máa yọ ìnáwó kúrò, ohun tó bá kù ni wọ́n lè fi ra ilẹ̀. Ká ní ilé náà máa tà ní 100. Kí n tó gbẹ́ kòtò, mo yọ 48 fún ìkọ́lé, 6 fún ìwé àṣẹ, ayàwòrán ilé àti ẹ́ńjínnìa, 5 fún ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀, 8 fún èlé, 16 fún èrè. Ó ku 17, iye tí onílẹ̀ ń béèrè gẹ́lẹ́. Ìpìlẹ̀ tuntun sọ 48 yẹn di 55. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ fi 17 rà, 10 péré ló tó lọ́wọ́ mi báyìí. Kòtò kan ṣoṣo ló fà á o.

Èlé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí mo bá yá 100 ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọdún kan ó di 120. Tí ilé ò bá tíì tà lọ́dún kejì, ó di 144. Kankéré nìkan, 28 ọjọ́ ni àwọn ẹ́ńjínnìa ń kà fún un kó tó le dé ibi tí wọ́n fẹ́. Ìwé àṣẹ ń falẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ilé ń rò ó lọ rò ó bọ̀, èlé ní tirẹ̀ ò dúró de ẹnikẹ́ni.

O rántí Evergrande, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́lé tà nílẹ̀ Ṣáínà? Wọ́n mọ ilé kọ́ dáadáa. Wọ́n ń ta ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, wọ́n ń yáwó lórí ẹ̀yáwó. Nígbà tí ìjọba dín ẹ̀yáwó kù lọ́dún 2020, ọ̀nà há mọ́ wọn, wọn ò rí gbèsè san lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ Hong Kong sì pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé kí wọ́n tú u ká. Gbèsè ọrùn wọn ju bílíọ̀nù 300 dọ́là lọ. Àwọn tó ti sanwó tán tí wọn ò rílé wọ̀ ni mò ń rò. N kò fẹ́ fi ọwọ́ mi fa irú ìyà bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni láé.

Ibi tí mo fì sí rèé. N kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ọ̀gá kan tó ti ń kọ́lé tà tipẹ́ ní kí n fi owó díẹ̀ kún tirẹ̀ lórí ilé kan ṣoṣo, kí n máa wà níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, láti orí ilẹ̀ rírà títí dé ọjọ́ tí a máa fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. Mo rò pé màá gbà.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ kò sí nínú ìṣirò. Nígbà tí a jọ ń gbé yàrá kan, gbèsè kékeré yẹn ò jẹ́ kí n sùn fún odindi oṣù kan, ìwọ lo máa ń jí bá mi sọ̀rọ̀ lóru. Ṣé o rò pé irú èmi yìí lè gbé gbèsè ilé sọ́rùn fún ọdún méjì, kí n ṣì máa ṣe bí èèyàn nínú ilé mi? Má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi.

Onílẹ̀ ń retí èsì mi lọ́jọ́ Ẹtì. 10 ni màá sọ fún un, n kò ní fi nǹkan kan lé e. Jọ̀ọ́, pè mí kó tó dọjọ́ náà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó