Àlàó, Ọmọ Odin ni Loki

Àlàó àbúrò mi,

Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ tí gbogbo wa kóra jọ sí pálọ̀ ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní nínú àwọn fíìmù Marvel nípa Thor, ọmọ Odin ọba Asgard, ọ̀dàlẹ̀ ni Loki àbúrò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. O ní bó bá jẹ́ ìwọ ni Thor, ọjọ́ tí Loki já bọ́ lórí afárá Asgard ní òpin fíìmù àkọ́kọ́ lo máa gbàgbé rẹ̀. O tún wá fi kún un pé, ó ṣe tán, kì í kúkú ṣe àbúrò rẹ̀ gan-an. Mi ò dá ọ lóhùn nítorí àlejò wà nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún ọ níbi tí o ti jàre. Loki ṣe ibi. Òun ló fọ̀nà han àwọn òmìrán yìnyín, ọ̀tá wọn, wọ Asgard lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Thor jẹ ọba. Nígbà tí wọ́n lé Thor wá sílé ayé, Loki lọ bá a ní àtìmọ́lé, ó purọ́ fún un pé bàbá wọn ti kú, pé ìyá wọn ò sì fẹ́ kó padà wálé mọ́. Nínú The Avengers lọ́dún 2012, ó kó ogun wọ New York, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ gún Coulson, òṣìṣẹ́ aláàbò ilé ayé kan, láti ẹ̀yìn níṣojú Thor. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn tí wọ́n ní Odin ló jẹ̀bi gbogbo rẹ̀, àsọdùn ni tiwọn náà.

Ṣùgbọ́n padà sí fíìmù àkọ́kọ́, èyí tí Kenneth Branagh darí lọ́dún 2011. Odin mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wọ yàrá ìṣúra, wọ́n ṣì kéré, ó sì sọ fún wọn pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa gun orí ìtẹ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì la bí láti jọba. Bàbá wo ló ń sọ irú èyí fún ọmọ méjì tó di ọwọ́ rẹ̀ mú? Odin mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ Laufey, ọba Jotunheim, ilẹ̀ àwọn òmìrán yìnyín, ni Loki. Ojú ogun ló ti gbé e nígbà tó wà ní ìkókó. Ó ń sọ òtítọ́ fún un lọ́nà tí kò fi ní yé e.

Nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n jọ lọ sí Jotunheim, Loki rí i pé àwọn òmìrán pọ̀ ju tiwọn lọ, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun rò ó dáadáa. Thor ní kó mọ ipò rẹ̀. Ojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló ti sọ ọ́, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ìwọ rántí òòlù, o rántí ìjà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rántí, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí òmìrán kan di Loki lápá mú, tí apá náà sì di aláwọ̀ búlúù dípò kí yìnyín jó o. Bó ṣe mọ ipò rẹ̀ nìyẹn. Ó lọ bi Odin léèrè nínú yàrá ìṣúra kan náà, ó sì bi í bóyá ẹrù ogun lásán ni òun, tí wọ́n tọ́jú pamọ́ di ọjọ́ tó máa wúlò. Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, Odin ṣubú lulẹ̀, oorun àsùnwọra tó máa ń gbé e gbé e lọ. Wo ọwọ́ Loki níbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú rẹ̀, ó rọra fi ọwọ́ kan bàbá yẹn lọ́wọ́ kó tó figbe bọnu pé kí àwọn ẹ̀ṣọ́ wá.

Wàyí o, Àlàó, o ní kì í ṣe àbúrò rẹ̀ gan-an. O mọ̀ pé kì í ṣe màmá ló bí mi. Ẹ̀yìn wọn ni ìwọ wà nígbà tí wọ́n mú mi wá sílé yín. Mi ò bínú sí ọ, mo mọ̀ pé èmi kọ́ lo ń bá wí. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé màmá ò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Bí wọ́n bá ń dirun fún mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ìyá mi fún mi, bó ṣe ń rìn, orin tó máa ń kọ, ọbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè. Kò sí ẹni tó lè wá fi ọ̀rọ̀ ìbí mi gún mi lójú nígbà tí mo dàgbà, nítorí mo ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn mi. Ohun tí Odin fi du Loki nìyẹn. Ó tún wá burú sí i ní The Dark World lọ́dún 2013, tí Odin jókòó lórí ìtẹ́ tó ń sọ fún un pé ikú ló yẹ kó jẹ́ ìpín rẹ̀ ní ìkókó. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Frigga, ìyàwó Odin tó tọ́ Loki, nìkan ni ọwọ́ òsì Loki ní, wọ́n sì pa á.

(Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Iceland, Loki kì í ṣe àbúrò Thor rárá. Odin fúnra rẹ̀ ló bá a mulẹ̀, tí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Àwọn oníwèé àwòrán Marvel, tí wọ́n mú àwọn méjèèjì wọ inú ìwé wọn lọ́dún 1962, ló sọ wọ́n di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Mo bá wọn yọ̀ pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.)

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni Thor: Ragnarok, ti Taika Waititi, lọ́dún 2017. Ìtàn ejò ni gbogbo yín máa ń rẹ́rìn-ín sí: Loki sọ ara rẹ̀ di ejò nígbà èwe wọn nítorí ó mọ̀ pé Thor fẹ́ràn ejò, Thor gbé e nílẹ̀, ló bá padà di ènìyàn, ó sì gún un lọ́bẹ. Ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú lífìtì ni kí o wò. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Loki ní bóyá kí òun kúkú dúró sí Sakaar, ayé àjèjì tí àwọn méjèèjì bá ara wọn. Ó ń retí kí Thor bẹ òun, nítorí bó ṣe máa ń rí nìyẹn: Thor bẹ̀ ẹ́ lórí òkè lọ́dún 2012 pé kó padà wálé, ó tún bẹ̀ ẹ́ lókè ilé gíga New York nígbà tí ogun gbóná, ọ̀bẹ ló fi dá a lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, Thor ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ibẹ̀ yẹ ẹ́. Loki bi í bóyá bí òun ṣe kéré tó lójú rẹ̀ nìyẹn. Thor dá a lóhùn láìbínú pé òun ti kà á sí gan-an rí, òun rò pé àwọn á jọ máa jà pọ̀ títí láé, ṣùgbọ́n ìwọ ni ìwọ, èmi ni èmi. Ó wá gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́.

Ọwọ́ yẹn náà ló fi lẹ nǹkan kékeré tó ń fi iná mú ènìyàn mọ́ Loki lára, nítorí ó mọ̀ pé yóò tún da òun. Lóòótọ́ ló fẹ́ dà á. Nígbà tó ṣubú sílẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, Thor ò lù ú, kò bú u. Ó ní ó yẹ kéèyàn máa yí padà, kó máa dàgbà, ṣùgbọ́n Loki fẹ́ dúró sójú kan. Ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àlàó, ibẹ̀ ni wọ́n ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lójú mi. Gbogbo ìgbà tí Thor ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé, ohun tí Loki ń gbọ́ ni pé kó padà sí ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Thor ò jẹ́ kó tan òun mọ́, síbẹ̀ kò kọ̀ ọ́ lọ́mọ ìyá. Ìwọ fẹ́ kó gé e kúrò. Àwọn tí ẹ jọ ń jiyàn fẹ́ kó gbá a mọ́ra kó gbàgbé gbogbo rẹ̀. Kò ṣe méjèèjì. Kò sì sẹ́ni tó bẹ Loki tó fi gbé ọkọ̀ ńlá wá kó àwọn ará Asgard lórí afárá, nígbà tí Hela, àkọ́bí Odin, fẹ́ pa wọ́n tán.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní Loki ló mú Tesseract, òkúta alágbára yẹn, kúrò ní Asgard, pé torí rẹ̀ ni Thanos, òǹrorò tó ń wá a kiri, ṣe dá ọkọ̀ wọn lọ́nà ní Infinity War lọ́dún 2018. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Thanos di orí Thor mú, ó ní kí Loki mú un wá tàbí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Loki ní kó máa pa á. Thor figbe ta. Loki ò lè gbọ́ igbe yẹn pẹ́, ó ké pé ó tó, ó sì gbé ohun tó jí náà sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ fi ọ̀bẹ kékeré kan dojú kọ Thanos, ó ka orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀: ọmọ ọba Asgard, ọmọ Odin, ọba Jotunheim lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló pe bàbá tó tọ́ ọ àti ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i, kò sì fi ọ̀kan sẹ́ èkejì.

Bí o bá máa fèsì, igbe Thor yẹn ni kí o fèsì sí. Sọ ìdí tí Loki ò fi lè gbà á mọ́ra fún mi, má sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dá mi lóhùn. Bá mi kí màmá. Sọ fún wọn pé mo ti rí aṣọ tí wọ́n ní kí n wá, mo máa mú un bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àbẹ̀kẹ́